Iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ tó ti dé ọpọlọ: ẹ sọ ohun tí ojú yín rí

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará. Mo ti ń ka ìtàn yín bọ̀ tipẹ́, ẹ jẹ́ n sọ tiwa náà.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ni, ẹni ọdún 52, Lọ́ńdọ̀nù ló ń gbé. Jẹjẹrẹ ọmú ni wọ́n kọ́kọ́ tọ́jú, ó parí, a dúpẹ́ a jó. Ọdún kẹta lẹ́yìn ẹ̀ ló ń da tíì, ife wà níwájú ẹ̀ o, ẹ̀gbẹ́ ife ló ń da á sí tí kò sì mọ̀. Tó bá dìde á máa di ògiri mú, ẹni tí kò fẹnu kan ọtí rí. Ni wọ́n bá ṣe scan, kókó kan ṣoṣo ló wà ní ẹ̀yìn ọpọlọ, níbi tó ń bá wa darí ìrìn.

Mo bi dókítà pé oṣù mélòó ló kù fún un. Kò dá mi lóhùn, ẹ̀gbọ́n mi ló kọjú sí, ó ń bi í pé ta ló ń wẹ̀ fún un, ta ló ń dáná, ṣé ó ń lọ sọ́jà fúnra ẹ̀. Inú bí mi gan-an, mo rò pé ó ń fọ̀rọ̀ falẹ̀ ni. Àfìgbà tí nọ́ọ̀sì ṣàlàyé fún mi pé ibẹ̀ gan-an ni ìṣirò wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Máàkì kan wà tí wọ́n ń pè ní Karnofsky, ó ti wà láti 1948, láti 0 dé 100 ni, ẹni tó bá ń tọ́jú ara ẹ̀ fúnra ẹ̀, bí kò tiẹ̀ lè ṣiṣẹ́ mọ́, 70 ni. Wọ́n á wá wo ọjọ́ orí, wọ́n á wò ó bóyá jẹjẹrẹ náà wà níbòmíì lára, iye kókó tó wà lórí, àti irú jẹjẹrẹ tó jẹ́. Tiwa ni irú jẹjẹrẹ ọmú tí wọ́n ń pè ní HER2, oògùn sì ti wà tó ń bá irú ìyẹn jà.

Dókítà wá sọ ìwádìí kan fún wa, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, 1990 ló jáde, èèyàn 48 tó ní kókó ẹyọ kan. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ tí wọ́n tún gba radiotherapy, ìyẹn ìtọ́jú onítànṣán, ìdajì wọn lò ju ọ̀sẹ̀ 40 lọ láyé, àwọn tó gba radiotherapy nìkan, 15. Ọkàn mi já. Ṣùgbọ́n ó ní ká gbọ́ èyí tó kù: àwọn tàkọ́kọ́ fi bí ọ̀sẹ̀ 38 ṣe tara wọn fúnra wọn, àwọn tìkejì 8 péré. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹ ṣe é. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi máa gbé mi lọ sílé ìwẹ̀."

Dexamethasone, oògùn tó ń dín wíwú ọpọlọ kù, tí wọ́n ń fún un kò jẹ́ kó sùn, aago méjì òru ló ń pè mí pé àmàlà ń wu òun. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó rìn lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Oṣù kẹrìnlá rèé, a ṣì ń ṣe scan ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, àyà mi ṣì máa ń já.

—

Ẹ kú ìrọ́jú àǹtí. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Bàbá mi ni, Ìbàdàn la wà, ẹ̀dọ̀fóró ló ti bẹ̀rẹ̀, kókó márùn-ún ló wà lórí, ó ti dé ẹ̀dọ̀, bàbá ò sì kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì mọ́. Dókítà ní òun ò ní là á. Mo pariwo lé e lórí, mo ní torí owó ni. Kò bínú, ó fi báírò ya orí sẹ́yìn káàdì bàbá, ó to kókó márààrún sí i, ó ní, "Tí mo bá yọ èyí, mẹ́rin tó kù ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ tí bàbá máa fi gbàtọ́jú ojú abẹ lè jẹ́ gbogbo ohun tó kù." Ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án ni bàbá lò sí i, nílé, ó ń pe àwọn ọmọ ọmọ ẹ̀ lórúkọ. Káàdì yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi.

—

Ẹ jọ̀ọ́ àǹtí, radiotherapy tí wọ́n ṣe lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, gbogbo orí ni àbí ojú ibẹ̀?

—

Ojú ibi tí wọ́n ti yọ ọ́ nìkan ni o. Wọ́n ní ti gbogbo orí máa ń jẹ́ kéèyàn gbàgbé nǹkan jù. Ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé.