Ṣé "ìwé ìpilẹ̀ṣẹ̀" ni, àbí "ìwé àfọwọ́kọ"? Èrò mi lórí orúkọ tó yẹ àwọn ìwé Hébérù àti Gíríìkì àtijọ́

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín. Àbá tó wà nílẹ̀ ni pé kí a máa pe àwọn ìwé Bíbélì tí wọ́n fi ọwọ́ kọ láyé àtijọ́ ní èdè Hébérù àti Gíríìkì ní "ìwé ìpilẹ̀ṣẹ̀", nítorí pé inú wọn ni àwọn ìtumọ̀ tó wà lónìí ti ṣẹ̀ wá. Ẹni tó mú àbá náà wá fi kún un pé "ìwé àfọwọ́kọ", tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń lò, kò níyì tó, torí pé lẹ́tà tí ọmọ kọ sí ìyá rẹ̀ pàápàá, àfọwọ́kọ ni. Ohun tó ń sọ yé mi, ṣùgbọ́n n kò lè fara mọ́ ọn, nítorí orúkọ náà ń jẹ́rìí sí ohun tí kò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Kò sí ìwé Bíbélì kankan tí a mọ̀ lónìí tó jẹ́ pé èyí tí òǹkọ̀wé rẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ló kù sílẹ̀. Ẹ̀dà ni gbogbo ohun tó wà, wọ́n sì da ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ láti ara ẹ̀dà mìíràn. Àkájọ ìwé Aísáyà ńlá, tó wà lára èyí tí àwọn darandaran kọ́kọ́ rí nínú ihò àpáta kan ní Qumran lẹ́bàá Òkun Òkú ní nǹkan bí ọdún 1947, gùn ju mítà 7 lọ, orí 66 ló sì wà nínú rẹ̀. Síbẹ̀, wòlíì náà ti kú ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí wọ́n tó kọ ọ́. Àjákù Ìhìn Rere Jòhánù tó wà ní ibi ìkówèésí John Rylands ní Manchester, tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, wà lára ohun tó lọ́jọ́ lórí jù nínú Májẹ̀mú Tuntun tó ṣẹ́ kù, ṣùgbọ́n ẹ̀dà lòun náà. Bí a bá wá ń pe irú èyí ní "ìwé ìpilẹ̀ṣẹ̀", kí la ó máa pe ìwé tí wọ́n dà á kọ láti ara rẹ̀, èyí tó ti ṣègbé? Ẹ tún rántí ohun tó wà nínú Jeremáyà orí 36, níbi tí ọba Jèhóákímù ti ń fi ọ̀bẹ gé ìwé tí Bárúkù kọ, tó sì ń jù ú sínú iná, tí Bárúkù sì tún un kọ láti ẹnu wòlíì náà, tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn kún un. Èwo nínú méjèèjì ni ìpilẹ̀ṣẹ̀?

Ní ti pé "àfọwọ́kọ" kò níyì, èmi rò pé ọwọ́ tó wà nínú ọ̀rọ̀ náà gan-an ni ohun tí a nílò. Ọwọ́ a máa rẹ̀, ojú a sì máa fò. Nínú àkájọ ìwé Aísáyà yẹn kan náà, ní orí 40, gbólóhùn tó sọ pé koríko ń rọ, tí ìtànná sì ń rẹ̀ wà ní ẹsẹ 7, ó sì tún wà ní ẹsẹ 8. Ojú ẹni tó ń dà á kọ fò láti orí ti àkọ́kọ́ bọ́ sórí ti ìkejì, ó sì fo gbogbo ohun tó wà láàárín wọn. Ẹlòmíràn ló wá fi ọwọ́ tirẹ̀ kọ ohun tó sọnù náà sí àárín ìlà, nígbà tí àyè kò gbà á mọ́, ó kọ ọ́ sọ̀ kalẹ̀ sí etí ìwé. Ẹni tó bá wo ibẹ̀ á rí ọwọ́ méjì lójú ewé kan ṣoṣo, "ìpilẹ̀ṣẹ̀" kò sì lè sọ ìyẹn fún wa láé. Bí ọjọ́ orí ìwé ni ẹ fẹ́ kó hàn, ẹ jẹ́ kí a fi "ìgbàanì" tì í: ìwé àfọwọ́kọ ìgbàanì. Kí a sì fi "ìpilẹ̀ṣẹ̀" pamọ́ fún èyí tí kò sí mọ́.

Ọ̀rọ̀ tó kàn ni ti ẹni tó ń da ìwé kọ. Nínú Bíbélì Yorùbá tó jáde lódindi ní 1884, tí Samuel Ajayi Crowther ṣe iṣẹ́ ńlá lórí rẹ̀, "akọ̀wé" ni wọ́n lò fún àwọn tó máa ń bá Jésù jiyàn pẹ̀lú àwọn Farisí. Lónìí, akọ̀wé ni ẹni tó ń kọ ìwé ẹgbẹ́, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì, tàbí ẹni tó kàwé dáadáa. Bí mo bá kọ ọ́ pé "akọ̀wé ló ṣe àṣìṣe yìí", àwọn kan á rò pé òǹkọ̀wé gan-an ni mo ń bá wí. "Adàwékọ" ló yanjú rẹ̀, mo sì bẹ̀ yín kí a dì í mú.

Síbẹ̀, ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ Hébérù tí adàwékọ kò gbé. Sofer ni wọ́n ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀, ó sì bá ọ̀rọ̀ ìṣe tó túmọ̀ sí "kà", bí a ṣe ń ka owó, tan. Talmud, ìwé ẹ̀kọ́ àwọn rábì Júù, sọ pé ìdí tí àwọn ará ìṣáájú fi ń jẹ́ orúkọ yìí ni pé wọ́n máa ń ka gbogbo lẹ́tà inú Òfin. Àwọn Másórétì, ìyẹn àwọn ọ̀mọ̀wé Júù tí wọ́n ṣiṣẹ́ lórí ìwé Hébérù ní Tìbéríà lẹ́yìn náà, kò fi àṣà yìí sílẹ̀: wọ́n ń kọ ọ́ sí etí ìwé pé ẹ̀ẹ̀melòó ni ọ̀rọ̀ kan fara hàn, wọ́n sì ń kọ iye ẹsẹ ìwé sí òpin rẹ̀, kí adàwékọ tó ń bọ̀ lè mọ̀ bí ohunkóhun bá dín. Ẹ wò ó bí Yorùbá ṣe bá èyí mu: "kà" kan náà la fi ń ka ìwé, la fi ń ka owó, pẹ̀lú ohùn kan náà. N kò sọ pé kí a torí èyí pe adàwékọ ní "akàwé", ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣàlàyé sofer ní Yorùbá tí kò mẹ́nu ba "kà" ti fi ohun tó dára jù lọ nínú àlàyé náà sílẹ̀.

Èyí ló gbé mi dé orí "ìwé kíká", orúkọ tí àwọn kan ń pe ìwé gígùn tí wọ́n ń ká jọ. Ọ̀rọ̀ tó péye ni, nítorí wọ́n ń ká a ni, ṣùgbọ́n bí a bá kọ ọ́ láìsí àmì ohùn, "iwe kika" lè jẹ́ ìwé tí a ká, ó sì lè jẹ́ ìwé tí a ń kà. Ohun tí mo ṣe ń lo "àkájọ ìwé" nìyẹn. Ìṣòro yìí kan náà bá Hébérù fínra: kọ́ńsónáǹtì nìkan ni wọ́n ń kọ tẹ́lẹ̀, àwọn Másórétì ló fi àmì fáwẹ̀lì sí i. Nínú Jẹ́nẹ́sísì 47:31, kọ́ńsónáǹtì kan náà lè jẹ́ mittah, ibùsùn, ó sì lè jẹ́ matteh, ọ̀pá. Ibùsùn ni àwọn Másórétì kà, ọ̀pá ni àwọn tó túmọ̀ rẹ̀ sí Gíríìkì kà, ìdí sì nìyẹn tí Jákọ́bù fi wà níbi orí ibùsùn nínú Jẹ́nẹ́sísì, tó sì wà lórí ọ̀pá rẹ̀ nínú Hébérù 11:21. Ẹni tó bá ń sọ pé àmì ohùn kò ṣe pàtàkì, kí ó ka ibi méjèèjì.

Fún ìwé tí wọ́n ń ṣí ní ewé-ewé, "ìwé àránpọ̀" tí ẹnì kan dábàá kò lè dúró, nítorí awọ 17 ni wọ́n rán pọ̀ tó di àkájọ ìwé Aísáyà. "Ìwé olójú-ewé" ni mo fara mọ́.

Ó ku "ìpamọ́" àti "ìtọ́jú", tí a ń lò bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Àwọn Júù kì í sun ìwé mímọ́ tó ti gbó; wọ́n ń kó o sínú genizah, orúkọ tó wá láti inú ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí kí a fi nǹkan pamọ́. Láti inú ti sínágọ́gù Ben Ezra ní Káírò ni ọ̀mọ̀wé Solomon Schechter ti kó àjákù tó lé ní 190,000 lọ sí Cambridge ní 1896 sí 1897. Ìpamọ́ nìyẹn, kò sẹ́ni tó ń tọ́jú wọn níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń to àjákù Qumran pọ̀ fi téèpù alẹ̀mọ́ so wọ́n, pẹ̀lú èrò pé àwọn ń tọ́jú wọn, ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù inú téèpù náà ba awọ jẹ́, ó sì gba àwọn mìíràn ní ọ̀pọ̀ ọdún láti yọ ọ́. Ihò àpáta tó gbẹ ti pa wọ́n mọ́ fún nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì láìsí ìtọ́jú kankan. Nítorí náà, kí "ìpamọ́" dúró fún ibi tí ìwé wà, kí "ìtọ́jú" dúró fún iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn lára rẹ̀.

Ọ̀kan ṣoṣo ni n kò tíì rí yanjú: awọ tí wọ́n ha ohun tó wà lára rẹ̀ kúrò kí wọ́n lè kọ nǹkan mìíràn sí i, bí irú èyí tó wà ní Paris, tí wọ́n kọ ìwàásù Ephraem, olùkọ́ ìjọ ará Síríà, sórí Bíbélì Gíríìkì ti ọ̀rúndún karùn-ún. Mo ronú lórí "wàláà", nítorí wọ́n máa ń fọ òun náà tún kọ, ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀, fífọ̀ ni wọ́n ṣe wàláà fún, awọ yìí kò sì rí bẹ́ẹ̀. "Ìwé àhatúnkọ" ni mo fi sílẹ̀ fún yín láti yẹ̀ wò.