Ọkọ̀ Ram àtijọ́ mi kò lè fa tírélà gòkè: ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ọmọ Akúrẹ́ àti Òǹdó

Ọmọ Ìjọ̀kà (Denver)
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹni tó bá mọ tinú ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì nínú yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú fo ọ̀rọ̀ yìí. Ọkọ̀ píkọ́ọ̀pù Dodge Ram 2500 ni mo rà, ti ọdún 1997, ẹ́ńjìnnì Cummins lítà 5.9 oní-fáàfù 12, ọtọmátíìkì ni jíà rẹ̀. Ọkọ̀ méjì ni mo fẹ́ fà láti ọ́kísọ̀n níbí lọ sí èbúté Houston, ọkọ̀ ojú omi kò sì ní dúró dè mí. Mo gbé ọkọ̀ kan péré sẹ́yìn láti dán an wò lórí òkè kan lánàá. Ẹ́ńjìnnì ń sunkún, èéfín dúdú bo ojú ọ̀nà, eré 35 ni mo fi gòkè, tírélà ńlá ń fun fèrè mọ́ mi lẹ́yìn. Òyìnbó kan ní ṣọ́ọ̀bù ní kí n yọ fuel plate (irin pẹlẹbẹ tó ń díwọ̀n epo) inú pọ́ǹpù dànù, pé agbára á jáde lójú ẹsẹ̀. Ọ̀la ni mo fẹ́ yọ ọ́. Ṣé kí n yọ ọ́? Ọkàn mi kò balẹ̀ rárá.

Ọmọ Ìsìnkàn (Dallas)
Má dán an wò! Àbúrò, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́, gbé sípánà yẹn sílẹ̀. Ọ̀nà kan náà tí o fẹ́ gbà yẹn ló gbowó lọ́wọ́ mi. Èmi náà yọ plate. Ọjọ́ àkọ́kọ́, ọkọ̀ ń fò, inú mi ń dùn. Mo fi fa ẹrù gba Raton Pass, 7,834 ẹsẹ̀ bàtà, kò sí gáàjì kan tó ń sọ bí èéfín ṣe gbóná tó fún mi. Kí n tó dé orí òkè, ìró ẹ́ńjìnnì yí padà, èéfín ń tú jáde níbi tí wọ́n ti ń bu ọ́ìlì sí i. Nígbà tí a ṣí i, orí písítìnnì kan ti yọ́ bí àbẹ́là, ihò tí ìka mi wọ̀ dáadáa wà létí rẹ̀. Èyí tó yọ́ níbẹ̀ ti lọ lẹ̀ pẹ́lẹ́bẹ́-pẹ́lẹ́bẹ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnnì. Owó ẹ́ńjìnnì tí mo fi rọ́pò rẹ̀ ju owó tí mo ra ọkọ̀ lọ.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún (Calgary)
Ẹ̀gbọ́n, ẹ pẹ̀lẹ́, mo bá yín kẹ́dùn. Ṣùgbọ́n plate kọ́ ló yọ́ písítìnnì yẹn o. Jíà ni. Inú overdrive (jíà tó ga jù) lẹ wà, ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ́ńjìnnì ń fà lábẹ́ 1,700. Tọ́bò kò rí eré sá, atẹ́gùn kò tó, epo sì ń dà wọlé. Ibi tí epo bá ti ju atẹ́gùn lọ báyẹn, ooru ló máa dà. Ká ní ẹ ti já a sí jíà kẹta kó máa yí ní 2,200 tàbí 2,400 ni, ẹ ì bá délé láyọ̀.

Ọmọ Ìsìnkàn (Dallas)
Ta ló sọ fún ọ pé overdrive ni mo wà?

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún (Calgary)
Ẹ̀yin náà ni, níbí yìí, lọ́dún tó kọjá.

Ọmọ Ìsìnkàn (Dallas)
Ó dáa. Ṣùgbọ́n kí n tó yọ plate, overdrive yẹn náà ni mo máa ń wà lórí òkè yẹn náà, písítìnnì kò yọ́. Kí ló yí padà? Plate!

Àǹtí Alágbàká (Baltimore)
Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ jẹ́ ká dá ọmọ yìí lóhùn ná. Ọkọ̀ tí mo ti fi ránṣẹ́ sílé kò níye, irú Ram yìí ló sì fa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn dé èbúté.

Ìjọ̀kà, gbọ́ mi. Láti 1996 dé 1998, ẹ́ńjìnnì kan náà ni wọ́n ń gbé sínú ọkọ̀ wọ̀nyẹn, ṣùgbọ́n agbára ẹṣin 180 ni wọ́n fún ọlọ́tọmátíìkì, wọ́n fún oní-kílọ́ọ̀ṣì ní 215. Ìdí kan wà tí wọ́n fi dín in kù: gíábọ́ọ̀sì ọtọmátíìkì yẹn kò lè gba gbogbo ohun tí ẹ́ńjìnnì náà lè gbé jáde. Tí o bá yọ plate, bí písítìnnì kò bá yọ́, torque converter (ohun tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíábọ́ọ̀sì) á máa yọ̀, ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì á jóná, wà á sì dúró sáàárín aginjù pẹ̀lú ọkọ̀ méjì lẹ́yìn. Gíábọ́ọ̀sì ló máa ń kọ́kọ́ kú. Mo ti san owó yẹn rí, mi ò fẹ́ kí ọmọ ìlú mi kankan san án.

Ohun kejì, èéfín dúdú tí o rí yẹn, epo tí kò jó tán ni. Epo kọ́ ni ọkọ̀ rẹ ń wá, atẹ́gùn ni. Kí lo fẹ́ fi epo kún epo ṣe? Wo fíltà atẹ́gùn ná. Lẹ́yìn náà, yọ páìpù tó wọ ẹnu tọ́bò, dí ẹnu náà pa, fi kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ fẹ́ atẹ́gùn tó tó 20 psi sí i, kí o wá wọ́n omi ọṣẹ sí gbogbo oríkèé rọ́bà tó lọ sí intercooler (èyí tó ń mú atẹ́gùn tọ́bò tutù) àti èyí tó ti ibẹ̀ bọ̀. Ibi tó bá ti hó, ibẹ̀ ni agbára rẹ ń gbà jáde.

Tí kò bá sí ibi tó jò, kí ẹnì kan jókòó sínú ọkọ̀ kó tẹ accelerator dé ilẹ̀, kí ìwọ wo apá orí pọ́ǹpù bóyá ó dé òpin lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ àtijọ́ wọ̀nyí, wáyà wọn ti nà, èèyàn á rò pé òun tẹ̀ ẹ́ tán, kò tẹ̀ ẹ́ tán. Pààrọ̀ fíltà epo. Wo overflow valve (fáàfù tó ń dá epo àṣẹ́kù padà) ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù, nítorí sípíríǹgì inú rẹ̀ máa ń rẹ̀, tó bá sì ti rẹ̀, pọ́ǹpù kì í rí epo mu tó. Kí wọ́n fi feeler gauge (irin pẹlẹbẹ tí a fi ń wọn àlàfo) wo àlàfo àwọn fáàfù nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù: 0.010 ínṣì fún intake (tó ń gba atẹ́gùn wọlé), 0.020 fún exhaust (tó ń tú èéfín jáde). Kò sí èyí tó wọ́n nínú gbogbo ohun tí mo kà yìí.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún (Calgary)
Àǹtí ti sọ ọ́ tán. Kí n fi ọ̀kan kún un: killer dowel pin. Ìjọ̀kà, má jẹ́ kí ọkọ̀ yẹn rin ìrìn ọ̀nà jíjìn kí o tó bèèrè bóyá ẹni tó tà á fún ọ ti ṣe é. Pín-ìn-nì kékeré kan ló wà nínú ilé jíà iwájú ẹ́ńjìnnì, ó lè yọ̀ jáde fúnra rẹ̀ kó já sáàárín àwọn jíà. Irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n fi bóòtù dè síwájú rẹ̀ ló ń mú un dúró.

Ọmọ Ìjọ̀kà (Denver)
Ẹ ṣeun gan-an, mà. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo ti gbé sípánà sílẹ̀. Àmọ́ gáàjì tí ẹ ń sọ yẹn, èwo ni kí n rà?

Àǹtí Alágbàká (Baltimore)
Mẹ́ta. Pyrometer (ti ooru èéfín), boost (ti atẹ́gùn tí tọ́bò ń tì), àti ti ooru ọ́ìlì gíábọ́ọ̀sì. Tí owó bá ká ọ mọ́, pyrometer àti ti gíábọ́ọ̀sì ni kí o kọ́kọ́ rà. Ẹnu pyrometer gbọ́dọ̀ wà níwájú tọ́bò, lára exhaust manifold (páìpù tí èéfín kọ́kọ́ ń gbà jáde), má jẹ́ kí wọ́n fi sẹ́yìn tọ́bò fún ọ. Kí wọ́n fi gírísì sẹ́nu díríìlì kí irin wẹ́wẹ́ má baà já sínú. Nígbà tí o bá ń gòkè, tó bá ti dé 1,250 Fahrenheit, gbẹ́sẹ̀ sókè tàbí kí o já jíà. Álúmíníọ̀mù a máa yọ́ ní nǹkan bí 1,220. Ọ́ìlì tó ń tú sí abẹ́ písítìnnì ni kò jẹ́ kó yọ́, ọ́ìlì yẹn náà sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ.

Ọmọ Ìsìnkàn (Dallas)
Ẹ rí i? 1,250. Ẹni tó yọ plate, ìṣẹ́jú mélòó ló máa fi dé 1,500?

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún (Calgary)
Nínú overdrive, kíá. Nínú jíà kẹta, ó di ọwọ́ awakọ̀.

Ọmọ FUTA (Birmingham)
Ẹ̀yin ará Amẹ́ríkà, 180 lẹ ń sunkún lé lórí? Land Rover Defender 300Tdi ni mo ń wà, 111 péré ni, òun náà ló sì ń fa tírélà mi lọ sí èbúté Tilbury. Intercooler tó tóbi sí i ni mo fi sí i, mo ní kí wọ́n tún tọ́bò sẹ́tì díẹ̀, mo sì ń bọ̀wọ̀ fún òkè. Níbí, eré 60 ni òfin gbà fún ẹni tó ń fa tírélà lórí motorway, nítorí náà kò sẹ́ni tó ń kánjú.

Ọmọ Ọba-Ilé (Houston)
Ẹ̀gbọ́n Birmingham, gbogbo orílẹ̀-èdè yín wọ inú Texas lẹ́ẹ̀mejì, àyè tún kù. Ibo lẹ ń kánjú lọ?

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún (Calgary)
Houston ń sọ̀rọ̀, ìlú tí kò ní òkè kan ṣoṣo. Ẹ wá síbí ní oṣù January, ní 30 lábẹ́ òdo, kí ẹ wá sọ fún mi bóyá dísẹ́ẹ̀lì yín á tiẹ̀ jí. Iná mọ̀nàmọ́ná la fi ń mú ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ọ́wọ́ mọ́jú.

Ọmọ Ọba-Ilé (Houston)
Ooru tiwa náà lè dín ẹyin lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n àwa ń jẹ iṣu tútù, ẹ̀yin ń jẹ èyí tó ti dì.

Ọmọ Yabà Òǹdó (Atlanta)
Ẹ jọ̀ọ́, èmi ní ti 2008, DPF rẹ̀ (fíltà tó ń gba ẹ̀gbin inú èéfín) máa ń dí ṣáá. Wọ́n ní kí n gé e kúrò, agbára á pọ̀ sí i. Ṣé òótọ́ ni?

Àǹtí Alágbàká (Baltimore)
Òfin ìjọba àpapọ̀ kò gbà á. Má ṣe é. Wá ohun tó ń dí i: nọ́sù tó ń jò, tàbí ìrìn kúkúrú-kúkúrú tí kò jẹ́ kó gbóná tó láti jó ẹ̀gbin rẹ̀ dànù.

Ọmọ Ìjọ̀kà (Denver)
Ẹ̀yin èèyàn mi! Mo ṣe ti omi ọṣẹ. Rọ́bà tó wà nísàlẹ̀ intercooler lápá ọ̀tún, ó hó fàlàlà, ó fẹ́ẹ̀ bò mí lójú. Ó ti ya lábẹ́ kílípù, ojú kò lè rí i láìjẹ́ pé èèyàn dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀. Mo ra rọ́bà tuntun àti kílípù tó nípọn. Èéfín ti dín kù gan-an, mo fi eré 50 gun òkè yẹn náà pẹ̀lú ọkọ̀ kan lẹ́yìn. Ọlọ́run á bù kún yín. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ méjì ni mo fẹ́ kó o. Tí mo bá fi pyrometer sí i, ṣé mo lè sún plate síwájú díẹ̀, láìyọ ọ́?

Ọmọ Ìsìnkàn (Dallas)
Ó tún ti dé orí plate!

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún (Calgary)
Díẹ̀ kò burú, tó bá…

Àǹtí Alágbàká (Baltimore)
Ẹ dúró. Ìjọ̀kà, o ń bèèrè bí o ṣe máa gòkè. Báwo lo ṣe máa sọ̀ kalẹ̀? Ṣé iná mànàmáná ni búrẹ́kì tírélà yẹn ń lò? Ṣé brake controller (ẹ̀rọ tó ń darí búrẹ́kì tírélà) wà nínú ọkọ̀ rẹ? Gbé gbogbo rẹ̀ lọ sórí CAT Scale, òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ọkọ̀ ẹrù, kí o fi wé ohun tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn ọkọ̀. Ìwúwo tó wà lórí ìkọ́, kó wà láàárín 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo tírélà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ìdí rẹ̀ á máa jó lójú ọ̀nà. Tó bá sì jẹ́ pé owó lo ń gbà, tí ọkọ̀ àti tírélà ju 10,000 pọ́ùn lọ, tí o ń ré ààlà ìpínlẹ̀, o nílò nọ́ńbà USDOT, ìyẹn nọ́ńbà ti iléeṣẹ́ ìrìnnà ìjọba Amẹ́ríkà. Ọlọ́pàá New Mexico kò ní bèèrè plate lọ́wọ́ rẹ.

Ọmọ Òkè-Àró (Akúrẹ́)
Ẹ kú àjò o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ilé ni mo wà. Mo ka gbogbo rẹ̀ sétígbọ̀ọ́ Bàbá mi, tí wọ́n fi ọkọ̀ Mercedes 911 kó gẹdú títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní kí n sọ fún ọmọ Ìjọ̀kà pé kó tó dé ẹsẹ̀ òkè ni kó ti já jíà, kó má dúró dìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní 911 tiwọn kò ní tọ́bò rárá, wọ́n sì ń fi gun òkè Ìdànrè pẹ̀lú ìtí igi mẹ́ta. Mótò bọ́ì ni yóò máa rìn lẹ́yìn pẹ̀lú igi wẹ́ẹ̀jì léjìká. Bí ọkọ̀ bá ti fẹ́ yí padà sẹ́yìn báyìí, á ti ki wẹ́ẹ̀jì bọ abẹ́ taya. Wọ́n ní ìgbà tí èéfín bá ti dúdú jù, ọ̀gá wọn máa ń ní: “Owó mi ló ń gòkè yẹn o!”

Ọmọ Ọba-Ilé (Houston)
Ẹ bá wa kí Bàbá dáadáa. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbóòórùn igi tútù yẹn nínú yàrá mi níbí ni. Àwọn ọkọ̀ yẹn máa ń kọjá níwájú ilé wa láàárọ̀, ilẹ̀ á máa mì.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún (Calgary)
Bàbá ṣeun. Ṣùgbọ́n kí a sọ òótọ́, gẹdú tí wọ́n ń kó, ìgbẹ́ apá Òǹdó ni wọ́n ti gé e. Kí ni Akúrẹ́ ní ju ọ́fíìsì ìjọba lọ?

Àǹtí Alágbàká (Baltimore)
Orúkọ yín ni ìpínlẹ̀ ń jẹ́, àwa la ni olú ìlú, láti 1976. Ẹ jẹ́ kó parí síbẹ̀.

Ọmọ Yabà Òǹdó (Atlanta)
Kò lè parí síbẹ̀, mà! Ta ló ń gún iyán tó dára jù?

Ọmọ Ìsìnkàn (Dallas)
Iyán kẹ̀? Ẹ má dá mi lọ́rùn. Ọ̀rọ̀ iyán, ọmọ Akúrẹ́ kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Iyán tí ìyá mi gún kẹ́yìn kí n tó wọ bàálù, pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti ẹran ìgbẹ́, mi ò tíì rí irú rẹ̀ jẹ mọ́. Níbí, ìyẹ̀fun la ń rò tá à ń pè é níyán.

Ọmọ Ẹkìmọ̀gún (Calgary)
Ẹ̀gbọ́n, mo ní odó àti ọmọ odó níbí. Ẹ wá sí Calgary nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìyàwó mi á gún un fún yín, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa wá sọ èyí tó dùn jù. A ó sì parí ọ̀rọ̀ overdrive lójú ọbẹ̀.

Ọmọ Ìsìnkàn (Dallas)
Plate ni. Ṣùgbọ́n mò ń bọ̀.

Ọmọ Ìjọ̀kà (Denver)
Ẹ má bínú, ti plate tí mo ní kí n sún díẹ̀ yẹn…

Ọmọ Yabà Òǹdó (Atlanta)
Odó! Báwo lẹ ṣe gbé odó dé Canada? Ta ló tiẹ̀ ní àyè nínú kọ̀ntẹ́nà tó ń lọ sílé lóṣù yìí? Jẹnẹrétọ̀ kan àti fìríìsà ni mo ní, Akúrẹ́ ni kí wọ́n já a sí, àbúrò mi á wá gbé e láti Òǹdó.

Àǹtí Alágbàká (Baltimore)
Mo ní àyè. Wọn gígùn, ìbú àti gíga àwọn méjèèjì, kí o fi ránṣẹ́ sí mi lálẹ́ yìí. Rúlà ni kí o fi wọ̀n ọ́n o, má fojú díwọ̀n.