OS wo ló láàbò jù, tí wọ́n sì fi ọgbọ́n ṣe jù?

Àkànbí:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìwé owó àwọn oníbàárà ló kún inú kọ̀ǹpútà mi, mo sì fẹ́ pààrọ̀ OS rẹ̀, ìyẹn ètò tó ń darí gbogbo ẹ̀rọ náà. Wọ́n ní Linux kì í kó fáírọ́ọ̀sì. Èwo lẹ máa mú?

Ọmọlará:
Ẹ má gba ọ̀rọ̀ "kì í kó fáírọ́ọ̀sì" yẹn gbọ́. Lọ́dún 2024, ẹnì kan la ọ̀nà ẹ̀bùrú sínú xz, ètò kékeré tí wọ́n fi ń fún fáìlì pọ̀ lórí Linux. SSH, ètò tí wọ́n fi ń wọ kọ̀ǹpútà láti ọ̀nà jíjìn, tó ń fi bí ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá falẹ̀ ló ta Andres Freund, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, lólobó, tó fi tú àṣírí rẹ̀ kó tó tàn ká.

Ìbéèrè tèmi ni pé: bí olè bá ti gba ètò kan, ibo ló lè dé? Lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, ètò tí ẹ fi ń ka PDF lè ṣí gbogbo fáìlì tí ẹ̀yin fúnra yín lè ṣí. Kí ló kàn án pẹ̀lú ìwé owó oníbàárà? Ìdí tí mo fi fẹ́ràn OpenBSD, OS mìíràn, nìyẹn. Bí mo bá fẹ́ fi fọ́tò ránṣẹ́ láti inú Chromium, ètò tí mo fi ń wo ìkànnì, fódà Downloads nìkan ló ń rí nínú gbogbo fódà mi. Àfi kí n kọ́kọ́ gbé fọ́tò náà lọ síbẹ̀. Ó ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn díẹ̀, ṣùgbọ́n bí olè bá gba Chromium, ibi tó máa mọ nìyẹn. Unveil, ohun tó ń fi fódà pamọ́ fún ètò, ló ń ṣe é; OpenBSD 6.4 ló gbé e wọlé lọ́dún 2018.

Bọ́lá:
Àtúnṣe ihò tí WannaCry, fáírọ́ọ̀sì tó ń ti fáìlì pa láti gba owó, gbà wọ inú Windows ti jáde látọ̀dọ̀ Microsoft ní oṣù kẹta 2017. Oṣù karùn-ún ló tó jà! Windows tí a ń tọ́jú sàn ju OpenBSD tí a pa tì.

Ọmọlará:
Òótọ́ lẹ sọ. Àmọ́ àtúnṣe ò lè dí ihò tí ẹnikẹ́ni kò tíì mọ̀.

Àkànbí:
Ẹ ṣeun. Orí Windows nìkan ni ètò ìṣirò owó mi ti ń ṣiṣẹ́ ńkọ́?

Ọmọlará:
Ẹ wo Qubes, OS mìíràn, nígbà náà. Ó ń fi ètò kan tó ń jẹ́ Xen pín kọ̀ǹpútà sí yàrá-yàrá: ẹ lè fi Windows sí yàrá tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì rárá, kí ẹ máa ka ímeèlì ní òmíràn. Ìwé tí ara bá ń fu yín sí, ẹ ṣí i nínú yàrá àlòsọnù. Bí ẹ bá ti tì í, gbogbo ohun tó ṣe níbẹ̀ parẹ́. Ó ń jẹ RAM (ìrántí kọ̀ǹpútà) gan-an, GB 16 ni wọ́n dábàá. Kí ẹ tó ra ẹ̀rọ, ẹ yẹ àkójọ àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ wò lórí ìkànnì wọn.