Ife ACC àwọn obìnrin: àṣekágbá wo ni kò kúrò lọ́kàn yín?

Alága_Ìlà: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bọ́ọ̀lù obìnrin àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà dénú, ẹ wá sọ àṣekágbá ife ACC (líìgì àwọn yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà) tó ká yín lára jù. Ẹ mú ọdún wá, ẹ mú ẹni tó borí wá. "Wọ́n ní" ò wọlé níbí o.

BàbáRaleigh: 1988. Ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ gbá ife yẹn rárá nìyẹn. NC State gbà á mọ́ North Carolina lọ́wọ́ pẹ̀lú pẹnárítì. Inú bí North Carolina, wọ́n wá ń gbà á láti 1989 títí dé 2003. Ọdún 15 gbáko, ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án.

Ọmọ_Tallahassee: Ta ni wọ́n ń bá gbá nígbà yẹn? Florida State ò tíì ní ẹgbẹ́ obìnrin, 1995 la bẹ̀rẹ̀. Clemson, 1994. Ẹ̀yin nìkan lẹ wà lọ́jà, ẹ ní ọjà yín ló tà.

BàbáRaleigh: Virginia wà níbẹ̀. Duke wà níbẹ̀. Ìwọ tún wí.

Ìyá_Ìbejì_Cary: Ẹ jẹ́ n la ọ̀rọ̀ 1988 yẹn yékéyéké. Nínú ìwé, North Carolina ò pàdánù lọ́jọ́ náà. Òfin NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà, ni pé tí eré bá dé orí pẹnárítì, ọ̀mì ni wọ́n máa kọ sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ méjèèjì. Pẹnárítì kàn ń sọ ẹni tó máa gbé ife tàbí tó máa kọjá ni. Ìdí nìyẹn tí àkọsílẹ̀ North Carolina fún ọdún náà fi jẹ́ 18-0-3: wọ́n borí 18, wọn ò pàdánù, wọ́n ta ọ̀mì 3.

kékeré_àṣá: Màmá, ẹ má bínú. Wọ́n gbé ife lọ níṣojú èèyàn, ẹ ní onítọ̀hún ò pàdánù?

Ìyá_Ìbejì_Cary: Kò pàdánù ERÉ. Ó pàdánù IFE. Wò ó báyìí: láti 1986 ni wọ́n ti ń ka eré tí North Carolina gbá láìpàdánù. Ó dé 103 kí UConn (Yunifásítì Connecticut) tó nà wọ́n 3-2 lẹ́yìn àfikún àsìkò ní 1990. Ká ní àṣekágbá ACC 1988 jẹ́ ìpàdánù ni, ibo ni 103 ti máa jáde?

kékeré_àṣá: Ìṣirò yìí dà bíi ti àwọn olóṣèlú.

BàbáRaleigh: Lọ́dún yẹn kan náà, North Carolina àti NC State tún pàdé ní àṣekágbá ife NCAA, ti gbogbo Amẹ́ríkà. North Carolina 4, NC State 1. Ẹ̀san yá.

Ọmọ_Tallahassee: Màmá sọ òótọ́, ó sì dùn mí láti gbà, torí òfin yẹn ti bá àwa náà fínra. ACC 2020, a na North Carolina 3-2 ní ìlú Cary. Kòrónà wá sún ìdíje NCAA sí ìgbà ìrúwé 2021. A dé àṣekágbá, 1-1 pẹ̀lú Santa Clara, wọ́n sì fi pẹnárítì gbé ife lọ. Kò sí ìpàdánù kankan lákọsílẹ̀ wa fún sáà yẹn, kò sì sí ife NCAA.

kékeré_àṣá: Hahaha! Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀ sínú ìwé.

Adé_Òṣogbo: 2004 náà, pẹnárítì ni Virginia fi dá North Carolina dúró lẹ́yìn 15 yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì tí ife kọ́kọ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn, kò sẹ́ni tó nà wọ́n nínú eré gan-an.

Alága_Ìlà: Èyí wọ̀ mí lára. Àfikún àsìkò ńkọ́? Ó jọ pé wọ́n ti yí i padà.

Ìyá_Ìbejì_Cary: Wọ́n yí i ní 2022. Tẹ́lẹ̀, ìṣẹ́jú 10 lọ́nà méjì, ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ gólì ti parí ẹ̀ nìyẹn. Ní báyìí, eré líìgì ò ní àfikún mọ́, ọ̀mì dúró bí ọ̀mì. Nínú ìdíje ife, wọ́n á gbá 10 méjèèjì tán pátápátá, gólì ì báà wọlé, kó má wọlé, kí wọ́n tó lọ pẹnárítì.

Ohun tó sì ń da àwọn tó mọ bọ́ọ̀lù FIFA nìkan rú ni aago. Ó ń kà sẹ́yìn láti 45 lọ sí òdo. Rẹfirí máa ń dá a dúró fún gólì, káàdì tàbí ẹni tó ṣèṣe, torí náà kò sí "ó ku ìṣẹ́jú 6" lẹ́yìn 90. Ẹni tí wọ́n bá yọ ní abala kìíní ò lè padà wọlé ní abala yẹn. Ní abala kejì, ó lè padà lẹ́ẹ̀kan. Kóòṣì tó bá mọ ìyẹn lò á yọ àwọn ọmọ iwájú rẹ̀ kí wọ́n mí, á sì dá wọn padà nígbà tó bá ku ìṣẹ́jú 20. Bó bá gbàgbé pé ẹnì kan ti padà lẹ́ẹ̀kan, wàhálà dé.

Adé_Òṣogbo: Ó ṣe pàtàkì ní ACC torí àlàfo ọjọ́. Ní 2022, ìpele àkọ́kọ́ jẹ́ ọjọ́ Àìkú, èyí tó ṣáájú àṣekágbá jẹ́ Ọjọ́bọ̀, àṣekágbá ọjọ́ Àìkú. Ẹgbẹ́ 6 ló ń wọlé. Ẹni tó ṣe ipò 1 àti 2 nínú líìgì máa ń fo ìpele àkọ́kọ́. Ìyẹn ni pé ẹni ipò 3 gbá eré 3 láàárín ọjọ́ 8, ẹni ipò 1 gbá 2.

kékeré_àṣá: Ìyẹn ló fi jẹ́ pé Florida State ló ń gbà á lọ́dọọdún?

Ọmọ_Tallahassee: Ìlara! 2020 títí dé 2024 láìfo ọdún kan, kóòṣì sì yí padà láàárín rẹ̀. Krikorian lọ, Pensky dé ní 2022, ife ò mọ̀ pé ẹnì kankan lọ.

Adé_Òṣogbo: Láti 1988 dé 2024: North Carolina 22, Florida State 11, Virginia 2, NC State 1, Wake Forest 1. Ẹgbẹ́ márùn-ún péré. Duke, pẹ̀lú gbogbo agbábọ́ọ̀lù tó ti kó jọ, òdo.

FálíkọnìFan: Ṣé ẹ fẹ́ parí láì dárúkọ Echegini ni? Ọmọ Super Falcons wa, Florida State, 2023. Wọn ò pàdánù eré kan ní sáà yẹn, wọ́n gba ACC, wọ́n gba NCAA, òun ló sì gba Hermann Trophy, àmì-ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù yunifásítì tó dára jù. Deborah Abiodun náà ti gbá fún Pittsburgh, ACC kan náà.

kékeré_àṣá: Ifeoma Onumonu ńkọ́?

FálíkọnìFan: California ló gbá fún, lẹ́yìn náà Pepperdine. Pac-12, líìgì California, ò ní ìdíje ife fún bọ́ọ̀lù obìnrin nígbà yẹn, líìgì Pepperdine náà ò ní. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní nínú líìgì ló gba oyè, ó tán.

BàbáRaleigh: Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn! Oṣù méjì lo fi gbá líìgì, ẹnì kan á wá fi ọjọ́ 8 gbé e.

Ọmọ_Tallahassee: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní 22 lẹ ń sọ̀rọ̀ yìí?

Adé_Òṣogbo: Stanford àti California ti wọ ACC ní 2024, àwọn náà á máa wọkọ̀ òfuurufú wá gbá ife ní Cary. Pẹ̀lú SMU, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù obìnrin di 17.

kékeré_àṣá: Yunifásítì 18 ló wà ní ACC. Ta ló sá?

Adé_Òṣogbo: Georgia Tech. Wọn ò ní ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù obìnrin.

kékeré_àṣá: Àwọn nìkan ni North Carolina ò tíì nà.