Ta ló ti fọwọ́ kan nẹ́tíwọọ̀kì tọ́wà tí wọ́n ti ń darí bàálù rí, tí ojú ẹ̀ rí nǹkan?

Ọmọ Ìgbógbó: Ẹ̀yin ará Ìkòròdú tẹ́ ẹ ti ṣiṣẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń darí bàálù, ẹ sọ tiyín. Àbúrò mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbaṣẹ́ síbẹ̀, ẹ̀rù ń bà á láti fọwọ́ kan ohunkóhun.

Bàbá Ògòlóńtò: Kí ẹ̀rù máa bà á lọ bẹ́ẹ̀. Mo ti fẹ̀yìn tì, mo lè sọ̀rọ̀. Lóru ọjọ́ kan wọ́n ní kí n pààrọ̀ switch kan, àpótí tó ń so àwọn kọ̀ǹpútà pọ̀, tó ń ṣe ségesège. Mo yọ ti àtijọ́, mo ki tuntun bọ̀ ọ́, iná aláwọ̀ ewé ń ṣẹ́jú, mo ní ó ti parí. Mo bu omi sọ́wọ́, mo kọjú sí ẹ̀bà mi. Àfi bí ọ̀gá ṣe pariwo láti yàrá radar, níbi tí wọ́n ti ń wo bàálù lójú ẹ̀rọ: bàálù mẹ́rin dúró sójú kan! Ṣé bàálù máa ń dúró lófurufú ni? Nọ́ńbà IP, àdírẹ́sì tí wọ́n fi ń dá ẹ̀rọ mọ̀ lórí nẹ́tíwọọ̀kì, tí mo tẹ̀ sínú tuntun, ẹ̀rọ mìíràn ti ń lò ó tẹ́lẹ̀. Rédíò àti bébà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi darí wọn títí mo fi dá ti àtijọ́ padà. Ọpẹ́lọpẹ́ sẹ́lótéèpù tí mo ti kọ nọ́ńbà sí, tí mo lẹ̀ mọ́ okùn kọ̀ọ̀kan kí n tó yọ ọ́.

Ìyá Ìbejì Báyékù: Ẹ̀bà lóru, Bàbá?

Ṣẹ́gun Agric: Bàbá, ẹ má bínú o. Nígbà tẹ́ ẹ sọ ọ́ lọ́jọ́sí, bàálù méjì ni. Ẹ̀rọ arọ́pò ńkọ́?

Bàbá Ògòlóńtò: Mẹ́rin ni. Arọ́pò wà, switch yẹn kan náà lòun náà ń gbà kọjá. Ìwọ lọ bi àwọn tó ń darí bàálù ní Ìlú Ọba. Ní August 28, 2023, ìwé ètò ìrìnàjò bàálù kan ṣoṣo, láti Los Angeles lọ sí Paris, dárúkọ ibi méjì tí ìkékúrú orúkọ wọn ń jẹ́ DVL: ọ̀kan ní Faransé, ọ̀kan ní Amẹ́ríkà. Ó dàrú mọ́ ẹ̀rọ wọn lójú, ló bá pa ara rẹ̀. Arọ́pò gba ìwé náà, òun náà kú. Èrò tó lé ní 700,000 ni ìrìnàjò wọn dàrú.

Akọ́da Ìmọ́tà: Ti Los Angeles ní 2004 ló pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ rédíò wọn, dandan ni kí wọ́n pa á kí wọ́n tún un tàn lóṣooṣù. Wọn ò ṣe é, ó sì kú. Ó lé ní wákàtí 3 tí wọn ò fi gbóhùn bàálù.

Ṣẹ́gun Agric: Jẹnẹrétọ̀ wa gan-an nìyẹn 😂

Ìyá Ìbejì Báyékù: Ẹ jẹ́ á padà sí DVL yẹn. Àdúgbò méjì ló ń jẹ́ Agric ní Èkó! Ọlọ́kadà gbé áńkárá oníbàárà mi lọ sí èyí tó wà lọ́nà Àgbádárìgì, èmi ń dúró sí Agric níbí. Ọjọ́ ìnáwó gan-an ni o.

Akọ́da Ìmọ́tà: Ẹ ò kọ Ìkòròdú sí i ni.

Ìyá Ìbejì Báyékù: Kí ni mo fẹ́ kọ Ìkòròdú sí? Agric ni Agric.

Ṣẹ́gun Agric: Ẹ bá mi sọ fún un. Tọ̀hún ni kó lọ wá orúkọ míì.