Antigone lẹ́nu àwọn ọmọ wa: ṣé ẹ̀gbọ́n ló kú ni àbí àbúrò?

Àǹtí Eléré, Ìbàdàn

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọmọ kan bi mí ní ìbéèrè ní Sátidé tó kọjá, mi ò sì tíì rí èsì fún un títí di àárọ̀ yìí. Ẹ bá mi dá sí i.

Bí ọlidé gígùn bá ti dé, mo máa ń kó àwọn ọmọ àdúgbò wa jọ ní Mọ́níyà, a ó sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣe tíátà. Ọmọ 19 ni wọ́n lọ́dún yìí. Èyí tó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 7, àgbà wọn jẹ́ 16. Ìtàn Ìjàpá la ti ń ṣe bọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo fẹ́ kí wọ́n tọ́ eré ayé àtijọ́ wò, mo bá mú Antigone, tí Sophocles kọ ní ìlú Athens ní ohun tó lé ní 2,400 ọdún sẹ́yìn.

Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n: ọmọ ìyá méjì para wọn lójú ogun nítorí oyè ìlú Thebes. Creon, tó bá ìyá wọn tan, wá di ọba. Ó ní kí wọ́n fi ẹ̀yẹ sin ọ̀kan, kí wọ́n ju èkejì, Polynices, sílẹ̀ fún ajá àti ẹyẹ, torí òun ló kó ogun wá bá ìlú. Ẹni tó bá sin ín, pípa ni wọn yóò pa á. Antigone, ọmọ ìyá wọn obìnrin, lọ bu erùpẹ̀ bò ó.

Ibi tí mo bá a dé nìyẹn. Ọmọbìnrin kan wà láàárín wọn, ọmọ ọdún 9, ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn ló máa ń jókòó sí, á máa yí ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀ po, kì í bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ó nawọ́ sókè. "Àǹtí, ṣé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni àbí àbúrò rẹ̀?"

Mo dúró gbagidi. Mo ti tú ìwé eré náà láti páálí dé páálí, wọn ò sọ ọ́ níbì kankan. Àwọn ará Gíríìsì lè pe èèyàn ní ọmọ ìyá kí wọ́n sì máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ. Àwa ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ni Antigone máa pè é nígbà tó bá ń sunkún lórí òkú rẹ̀? "Ẹ̀gbọ́n mi" ni, àbí orúkọ rẹ̀ lásán?

Ohun mìíràn tún wà. Ìyá kan rí ìbòjú tí a fi ìwé ìròyìn àti sítáàṣì ṣe, ó ní eégún ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, ó sì kó ọmọkùnrin rẹ̀ méjèèjì lọ. Ó dùn mí, torí àwọn méjèèjì ló ń lulù fún wa. Àwọn tó kù náà, bí mo bá ní kí ẹnì kan bọ́ síwájú, ilẹ̀ ni gbogbo wọn máa ń wò.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì, Òṣogbo

Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 9 yẹn, dì í mú o. Ìbéèrè rẹ̀ ju ti ọ̀pọ̀ àgbà lọ.

Sophocles kọ eré mìíràn nípa Oedipus, bàbá wọn. Nígbà tí ojú bàbá náà ti fọ́, ó sọ fún Creon pé kó má ṣe ìyọnu nítorí àwọn ọmọkùnrin òun, pé wọ́n ti dọkùnrin, wọ́n á rí jẹ. Àwọn ọmọbìnrin ló bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun tọ́jú. Lójú tèmi, ẹ̀gbọ́n ni Polynices. Ṣùgbọ́n eré ọ̀tọ̀ nìyẹn, ìgbà ọ̀tọ̀ ló sì kọ ọ́, kò dè ọ́ lọ́wọ́. Má tilẹ̀ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ. Jẹ́ kí wọ́n ṣe é lọ́nà méjèèjì, kí wọ́n sọ èyí tó dùn wọ́n jù.

Ti àwọn tó ń wolẹ̀, má kọ́kọ́ pe ẹnì kan síwájú. Àwọn 15 ló ń ṣe ègbè fún Sophocles. Àgbààgbà Thebes ni wọ́n nínú eré yìí, wọ́n á kọrin, wọ́n á jó, wọ́n á sì dá sí ọ̀rọ̀ ọba. Ṣe bí ẹni ń pàlọ́: ìwọ lé e, kí gbogbo wọn gbè é. Ọmọ tó bá ti gbọ́ ohùn ara rẹ̀ láàárín ohùn àwọn yòókù, á bọ́ síwájú fúnra rẹ̀.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní Gẹ̀ẹ́sì ló yẹ kẹ́ ẹ fi ṣe é, sọ fún un pé Dúró Ládípọ̀ gbé Ọba Kò So lọ sí Berlin ní 1964, Yorùbá ni wọ́n sì fi ṣe é.

Ìyá Ṣeun, London

Àǹtí wa, ẹ kú làálàá. Ọmọ mi ṣe irú èyí níbí nígbà tó wà lọ́mọ ọdún 12. Ibi tí Ismene, ọmọ ìyá Antigone obìnrin, ti ní òun ò lè bá a lọ sin òkú ni olùkọ́ wọn ti máa ń pàtẹ́wọ́, gbogbo nǹkan á dúró. Ẹni tó bá wù á yóò rọ́pò Ismene, yóò sì fèsì tirẹ̀. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko lọmọ mi fi bá mi jiyàn ọ̀rọ̀ náà nídìí ọ̀bẹ̀!

Ẹ pe ìyá yẹn wá jókòó. Ẹ ṣàlàyé fún un pé òṣèré mẹ́ta péré ló ń pín gbogbo ẹni inú eré ṣe láyé Sophocles, ọkùnrin sì ni gbogbo wọn. Ìbòjú ni wọ́n fi ń para dà. Bí ọkàn rẹ̀ kò bá balẹ̀ síbẹ̀, ẹ lo fìlà àti gèlè.

Àǹtí Eléré, Ìbàdàn

Bàbá, ẹ ṣeun. Ìyá Ṣeun, mo dúpẹ́.

Fìlà àti gèlè la lò. Ìyá náà wá, ó jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú àtẹ ẹ̀wà tó ń ṣà. Àbúrò ló dá padà fún wa. Ẹ̀gbọ́n ti lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀.

A ṣe é lọ́nà méjèèjì. Nígbà tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, gbogbo wọn ní dandan ni kó sin ín. Nígbà tó di àbúrò, ariwo sọ. Ọ̀kan ní nígbà tí àbúrò òun kú, wọn ò jẹ́ kí ìyá òun dé ibi sàréè. Ọmọ ọdún 9 wa ló dìde láàárín ègbè, ó ní, "Tí kò bá sí ẹlòmíràn tó máa sin ín ńkọ́?" Àbúrò la mú.

Ẹ wá gbọ́ o. Ọmọ ọdún 16 ló ń ṣe Haemon, ọmọ Creon. Ó dọ̀bálẹ̀ kó tó sọ̀rọ̀, "ẹ" ló sì ń lò: "Bàbá mi, ẹ gbọ́ ohun tí ìlú ń wí." Creon ń jágbe mọ́ ọn. Haemon dìde lójijì, ó ní, "O ò gbọ́ràn!" "O"! Fún bàbá rẹ̀! Ègbè pa lọ́lọ́. Ọmọ tó ń ṣe Creon gbàgbé ọ̀rọ̀ tó kàn. Ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà gbórí sókè.

Kò sí nínú ìwé tí mo fún wọn, ṣùgbọ́n mi ò yọ ọ́. Ọjọ́ Ẹtì la máa ṣe é fún àwọn òbí, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bàbá ọmọ náà ti ní òun ń bọ̀.