Abohùnjẹ́ kẹ̀? Ẹ bi áísì léèrè ná

Ẹ kú iṣẹ́ èdè o, ẹ̀yin ará wa. Láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n wa ará Bódìjà ti ní ká máa pe overdrive, pẹ́dà tí àwọn onijìtá ń fẹsẹ̀ tẹ̀ kí ohùn wọn lè máa kùn yẹn, ní "abohùnjẹ́", ni mo ti ń ka gbogbo èsì tó ń wọlé tí mo sì ń pa á mọ́ra. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ sọ̀yà pé áísì inú pẹ́dà, ìyẹn ohun dúdú kékeré ẹlẹ́sẹ̀ púpọ̀ tí iná ń gbà kọjá, ló ń ba ohùn jẹ́, pé ẹ yọ áísì kan, ẹ fi òmíì sí i, ohùn á di nǹkan mìíì pátápátá, torí náà ìdí áísì ló yẹ kí orúkọ ti wá. Àbúrò kan fèsì pẹ̀lú "amohunkun", kò fi àmì kankan sí i lórí, ni Bàbá Tíṣà bá bínú, àwọn kan ń rẹ́rìn-ín, ẹlòmíì ti gba ọ̀nà "asọ̀rọ̀mágbèsì", ìyẹn rédíò, lọ, a ò tíì rí i kó padà. Ẹ jẹ́ n dá sí i, torí ọ̀rọ̀ yìí kan gírámà, ó tún kan sọ́dà tí wọ́n fi ń lẹ wáyà, méjèèjì ló sì wà lọ́wọ́ mi.

"Abohùnjẹ́" ná. A, ba, ohùn, jẹ́. Bí wọ́n ṣe so ó pọ̀ ò ní àléébù, fáwẹ́lì tó yẹ kó lọ ti lọ, ó dún létí. Àmọ́ ta ni ìbátan ẹ̀ nínú èdè? Abanijẹ́ ni. Abanilórúkọjẹ́ ni. Gbogbo mọ̀lẹ́bí ọ̀rọ̀ yẹn ló ní ẹjọ́ lọ́rùn. Ẹ wá mú ohun tí èèyàn fowó ẹ̀ rà kí orin ẹ̀ lè dùn, ẹ lọ kó o sáàárín wọn! Ṣé tí egúngún bá jáde lọ́jọ́ ọdún, tí ohùn ẹ̀ ń há, tó ń ti ìsàlẹ̀ ọ̀fun bọ̀, ẹnì kan á ní ó ba ohùn jẹ́ ni? Ohùn tó yẹ ará ọ̀run nìyẹn. Ẹni tó bá ń fi ohùn tó mọ́ gaara sọ̀rọ̀ lábẹ́ ẹ̀kú, àwa ará Ìbàdàn á fura sí i.

Èyí tó tiẹ̀ dùn mí jù ni "a-" iwájú ẹ̀ yẹn. "A-" kì í ṣe ohun tí wọ́n kàn ń lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀ kó lè gùn. Ó ń nàka sí olùṣe ni. Apẹja, òun ló pa ẹja. Akọ̀wé, òun ló kọ ìwé. Tí ẹ bá ti ní áísì ni abohùnjẹ́, ẹ ti dá a lẹ́bi nìyẹn, ẹ ò sì tíì gbọ́ tẹnu ẹ̀. Ẹ jẹ́ á tú pẹ́dà wò.

Ẹ mú Tube Screamer ti Ibanez, TS808 tó jáde ní 1979, tí gbogbo ayé ṣì ń ṣe ẹ̀dà ẹ̀ dòní. Áísì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ kan ló wà nínú ẹ̀, wọ́n kọ JRC4558D sí i lẹ́yìn, àwọn ará Japan ló ṣe é, áńpù méjì ló sì wà nínú áísì kan ṣoṣo yẹn. Ọ̀kan ń gba ohùn jìtá tó rọra ń bọ̀, ó ń sọ ọ́ di ńlá. Tí ẹ bá yí bọ́tìnnì drive dé òpin, ńlá yẹn tó ìlọ́po 118. Wọ́n wá fi dáyóòdù kéékèèké méjì, ohun tó ń jẹ́ kí iná gba ìhà kan ṣoṣo kọjá, sí ọ̀nà tí ohùn ń gbà ti ẹsẹ̀ tó ń bá jáde padà sí ẹsẹ̀ tó ń bá wọlé, ọ̀kan kọjú síwájú, èkejì kọjú sẹ́yìn. Bí ohùn bá ti ń ga tó nǹkan bíi fólítì 0.6, dáyóòdù á ṣílẹ̀kùn, kò ní jẹ́ kó tún fi bẹ́ẹ̀ ga mọ́, orí ohùn á wá rọra tẹ́. Orí tó tẹ́ yẹn ni etí ń gbọ́ tó ń pè ní overdrive. Bátìrì fólítì 9 ló ń gbé áísì fúnra ẹ̀, àyè sì wà fún un dáadáa kó tó forí gbá òrùlé, dáyóòdù ti ṣe iṣẹ́ tán kó tó débẹ̀. Ta wá ni olùṣe? Áísì ń mú ohùn kún. Dáyóòdù ló ń jẹ́ kó kùn.

Ohùn bí ẹni ń ti imú sọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n ń pè ní "ohùn 4558" ńkọ́, àránmúpè gidi yẹn? Rẹ́sístọ̀ 4.7k kan, tó ń dín iná kù, àti kapásítọ̀ 0.047 máíkírófáràdì kan, tó ń gba iná pamọ́ díẹ̀, ló fà á. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ nǹkan bíi 720 hertz, ìyẹn àwọn ohùn tó nípọn, wọn kì í jẹ́ kó kún tó èyí tó wà lókè ẹ̀. Ẹ yọ 4558, ẹ fi áísì mìíì tó ń jẹ́ TL072 síbẹ̀, rẹ́sístọ̀ àti kapásítọ̀ yẹn ò kúrò lójú kan. Àní TS9 tó tẹ̀lé 808 ní 1982, tí àwọn onijìtá fi ń bú ara wọn lórí èwo ló dùn jù, rẹ́sístọ̀ méjì lẹ́nu ibi tí ohùn ń gbà jáde ló yàtọ̀: 100 àti 10k nínú 808, 470 àti 100k nínú TS9. Ìyẹn ni gbogbo ìjà.

Mo ti fojú ara mi rí i. Ọmọkùnrin kan tó ń ta jìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì ní Challenge gbé ẹ̀dà Tube Screamer kan wá, ó ní kí n fi áísì "tó ń kọrin" sí i. Mo fa sọ́dà ẹsẹ̀ mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, mo yọ áísì, mo fi sọ́kẹ́ẹ̀tì síbẹ̀ kí n lè máa fi ẹnu súkúrúdíráfà kékeré gbé wọn sókè kí n sì máa pààrọ̀ wọn, tí mo ń ṣọ́ ibi tí wọ́n gé wọlé díẹ̀ lórí áísì kí n má gbé e sódì, torí bí ẹ bá gbé e sódì, ó ti jó nìyẹn. Mo ní kó kọjú sí ògiri kó máa ta jìtá lọ. Mo fi 4558, mo fi TL072, mo fi NE5532, mo tún dá 4558 kan náà padà. Ó ń sọ pé èyí dùn, èyí ò dùn, ó yin 4558 lẹ́ẹ̀kan, ó sì bú u lẹ́ẹ̀kejì, áísì kan ṣoṣo o! Ariwo ṣíín abẹ́ ẹ̀ lè yàtọ̀ díẹ̀, mi ò jiyàn ìyẹn. Èyí tí mo lè búra lé ni pé 5532 ń mu bátìrì, nǹkan bíi mílíáńpù 8, TL072 ò fi bẹ́ẹ̀ ju 3 lọ, ẹni tó bá ń fi bátìrì ṣe òde á mọ̀ ọ́n lápò.

Àmọ́ mi ò ní rẹ́ ẹ̀gbọ́n jẹ. Pẹ́dà kan wà tí ọ̀rọ̀ wọn fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹ̀, òun ni RAT ti ProCo. Áísì LM308 ni wọ́n fi ṣe é níbẹ̀rẹ̀, áńpù kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀, dáyóòdù ò sì sí lọ́rùn ẹ̀ bíi ti Tube Screamer, iwájú ni wọ́n wà, lẹ́yìn tí áísì bá ti ṣe tiẹ̀ tán. Kò sẹ́ni tó ń dá áísì dúró nígbà tó bá ń sáré, áísì ọ̀hún ò sì lè sáré. Fólítì 0.3 ló lè gùn láàárín máíkírósẹ́kọ́ńdì kan, ìyẹn ìdá kan nínú mílíọ̀nù sẹ́kọ́ńdì. Tí ohùn bá ní kó gun fólítì 6, ó máa gbà á ní máíkírósẹ́kọ́ńdì 20. Áísì TL071 tó ń gun fólítì 13 láàárín máíkírósẹ́kọ́ńdì kan ò ní lò tó ìdajì máíkírósẹ́kọ́ńdì kan. Kí LM308 tó gòkè dé, wọ́n lè ti ní kó máa bọ̀ nísàlẹ̀, ibi tó yẹ kó dúró ṣánṣán á wá di gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ohùn tó ń ta létí á dínkù, èyí tó kù á nípọn. Nígbà tí wọ́n yí i sí áísì OP07 lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ìwọ̀n 0.3 yẹn náà ni, ìdí nìyẹn tí ìyàtọ̀ wọn ò fi pọ̀. Ẹ fi TL071 síbẹ̀, ẹni tó bá létí á gbọ́ ọ. Nínú RAT, ọwọ́ áísì wà nínú ọ̀rọ̀. Nínú Tube Screamer, irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọn.

Ẹ wá wo ọ̀rọ̀ tí àbúrò mú wá láìfi àmì sí. Mú pẹ̀lú ohùn, móhùn. Tí ẹ bá kà á ní amóhùnkún, áísì nìyẹn. Tí ẹ bá kà á ní amóhùnkùn, pẹ́dà lódindi nìyẹn. Ọmọ yẹn ò mọ̀ pé òun ti sọ ọ̀rọ̀ méjì, ó kàn tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù ni, síbẹ̀ ó sàn ju gbogbo wa lọ.

Bàbá Tíṣà ní "kún" ò tọ̀nà, pé igbá àti ìkòkò ló ń kún, kí ohùn máa "ròkè" tàbí kó máa "gbèrú" ni. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ọmọ Ìbàdàn lẹ jẹ́. Lọ́dún 1980, kí la ní Ògùnpa ṣe? Ṣé a ní ó gbèrú ni? Ó kún! Omi tó ti ń ṣàn níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló pọ̀ sí i tó wọlé tọ àwọn èèyàn lọ. Wọ́n tún ní "kùn" ń mú ìkùnsínú wá sọ́kàn. Oyin ń kùn, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ń kùn, èwo ló yan ẹnikẹ́ni lódì nínú wọn?

Ẹ̀gbọ́n obìnrin tó ní àmì á da àwọn èèyàn láàmú, pé kò sẹ́ni tó ń fi àmì sí nǹkan lórí fóònù: òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n a ti ń gbé pẹ̀lú ogún àti ogun látayébáyé, kò sẹ́ni tó tìtorí ẹ̀ gbé ìbọn lọ síbi tí wọ́n ti ń pín ogún bàbá ẹ̀. Ó dáa, mo mọ àwọn ìdílé kan. Ẹni tó sì ní ará Ìbàdàn tó ń pe iṣu ní "isu" ò láṣẹ láti dá sí ọ̀rọ̀ ohùn, "ṣ" dà nínú amóhùnkún? Ẹ wá a fún mi.

Bàbá kan wà ní Mọ́kọ́lá nígbà tí mo wà lọ́mọdé tí wọ́n ń tún rédíò ṣe. Áísì ni wọ́n ń pe áísì, dáyóòdù ni wọ́n ń pe dáyóòdù, wọn ò da ara wọn láàmú. Ìṣe nǹkan ọ̀hún ni wọ́n ń fi Yorùbá sọ, ó sì máa ń yéni: "eléyìí ń jò", "tọ̀hún ò gbé e mọ́". Ọ̀rọ̀-ìṣe ni wọ́n ń kọ́kọ́ wá. Àwa tá a lọ sílé ìwé là ń bẹ̀rẹ̀ láti "a-".

Ti "asọ̀rọ̀mágbèsì", mi ò gbà pé "má" inú ẹ̀ àti ti inú "amóhùnmáwòrán" jẹ́ ọ̀kan náà, ẹnikẹ́ni tó bá kọ́ yín bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ń kọ̀, kò gbèsì. Èkejì, mú àti àwòrán ló wọnú ara wọn. Tí ẹ bá fẹ́ ká jà lórí ìyẹn, ẹ ya á sọ́tọ̀.

RAT ló kù. Ẹnì kan ní ká máa pè é ní "eku". Rárá o, orúkọ ọjà ni, ṣé ẹ ń pe Peak tí ẹ ń bù sínú tíì ní Ṣóńṣó ni? Wàhálà tèmi níbẹ̀ ni pé áísì ẹ̀ ń mú ohùn kún, ó tún ń bá dáyóòdù mú un kùn. "Amóhùnkúnkùn" ni mo ń gbé sẹ́nu wò, ẹnu ò tíì gbà á, Bàbá Tíṣà, ẹ bá mi tọ́ ọ wò. Ẹ̀gbọ́n ará Bódìjà, "abohùnjẹ́" yín náà ò ní ṣòfò ṣá: sípíkà tí bébà ẹ̀ ti ya tí wọ́n ṣì ń gbé lọ síbi ìnáwó, tó ń dún fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀ bí alága ìdúró bá ti mú máìkì, mo yọ̀ǹda orúkọ yẹn fún un.